Fọ́tò Rẹ Wà Lára Pátákó Àwọn Òkú

Gorna Sliva,
lábẹ́ igi ṣẹ́rì wa, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ralitsa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun, ṣé àwọn ará Valencia kò tíì fi oòrùn wọn yan ọ́ gbẹ bí ẹja? Tí o bá bèèrè mi, mo wà láàyè. Ìwọ náà wà láàyè, mo dúpẹ́. Má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ yẹn o, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú. Kí Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkè àti òkun má ṣe gbàgbé ojú ọ̀nà tó máa gbà mú ọ padà. Kí ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ wọ̀ ọ́ lórí, kí ó má sì lé èyí tí mo kọ́ ọ jáde. Àmín.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àìsàn, má lọ máa sáré kiri. Ó kàn rẹ̀ mí bí ó ṣe máa ń rẹ ẹni tó ti ń jí ṣáájú oòrùn láti kékeré, tí kò tíì sí ẹnì kan tó sọ fún un pé ó tó, lọ jókòó. Orúnkún mi ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí mo bá ń gun òkè, ti òsì sì ń dá a lóhùn. Ewúrẹ́ wa olójú kan ṣì ń fún wa ní wàrà, àmọ́ ó ti rẹ òun náà, àwa méjèèjì la jọ máa ń dúró mí kanlẹ̀ ká tó dé orí pápá, ẹni tó bá rí wa lókèèrè kò ní mọ èwo nínú wa ló ń da èkejì. Ṣẹ́rì so dáadáa lọ́dún yìí, kò sí ẹni tó máa gun igi ká a, àwọn ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́, wọ́n ti sanra débi pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sílé. Ilé ẹ̀kọ́ tí o lọ ní kékeré, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀sì kì í wá lójoojúmọ́ mọ́, awakọ̀ ní tí òun bá wá, òun nìkan ni òun ń gbé padà.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, mo tún un kà, ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. O ní àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ kí o dúró ní ọdún kan sí i, pé iṣẹ́ rẹ tẹ́ wọn lọ́rùn, àmọ́ ohun tí mo bá sọ ni wàá ṣe: bí mo bá ní máa bọ̀, wàá bọ̀, bí mo bá ní dúró, wàá dúró. Ọmọ yìí, o burú o. Ẹrù tó wúwo jù nínú ilé ni o gbé ka èmi tí orúnkún ń dùn lórí, o sì tún ní kí n máa rọra rìn. Màá dá ọ lóhùn, àmọ́ kì í ṣe báyìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ jà díẹ̀, bóyá okun á tibẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ èdè tí wọ́n ń kọ́ ọ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. O kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí o ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà, tí ìyá rẹ ń ní kí n wá nǹkan fi dí ọ lẹ́nu. A rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, o tún lọ sí ti Sofia, o kàwé débi tí mi ò lè pe orúkọ ohun tí ò ń kà mọ́, mo wá ta akọ màlúù kí o lè lọ parí rẹ̀ lókè òkun. Àfi bí o ṣe kọ̀wé pé wọ́n mú ọ jókòó sí kíláàsì, tí olùkọ́ ń na ìka sí búrẹ́dì, tí ìwọ náà sì ń dáhùn pé búrẹ́dì ni èyí. Mo ka ibẹ̀, mo rọra gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo lọ wo ibi tí a máa ń so màlúù mọ́.

O ní olùkọ́ yín, Ìyáàfin Amparo, ní kí kálukú máa sọ̀rọ̀ nípa ìdílé rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹnu lè là. O ní o ti sọ nípa irùngbọ̀n mi, o sọ nípa fìlà tí mi kì í bọ́, o sọ nípa ewúrẹ́. Ṣé o sọ fún wọn pé ojú ewúrẹ́ náà kan ti fọ́? Tí o kò bá sọ ọ́, wọ́n á máa rò pé ẹran tó pé la ní, mi ò sì fẹ́ irọ́ nínú ìdílé mi, ìwọ̀nba èyí tí èmi fúnra mi ń pa ti tó wa.

Èyí tí kò wá yé mi rárá ni iṣẹ́ àdúgbò tí wọ́n fi kún un. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Gena aládùúgbò wa bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: pé ilé kan wà níbẹ̀ tí àwọn arúgbó máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ bá wọn jókòó, ẹ á bá wọn ta dóńmínò, ẹ á bá wọn ka ìwé tí ìjọba kọ sí wọn, ẹ á sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọn kò ní san kọ́bọ̀ fún yín, yunifásítì á wá fún yín ní máàkì. Ìyá Gena ní ṣé àwọn arúgbó yẹn kò bímọ ni? Mo ní wọ́n bí. Ó ní àwọn ọmọ wọn wá ńkọ́? Mo ní bóyá wọ́n ti lọ sí òkè òkun lọ bá arúgbó ibòmíràn jókòó. Ó wò mí títí, ó ní Minko, ojú rẹ kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tí ò ń ṣeré. Mo ní èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Bàbá Vicente tí o máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń rẹ́ ọ jẹ nínú dóńmínò, tó máa ń bi ọ́ lójoojúmọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́, tó sì máa ń gbàgbé kí o tó dé ẹnu ọ̀nà, bá mi kí i. Sọ fún un pé mo ti gbọ́ pé ìwọ lò ń fá irùngbọ̀n fún un. Sọ fún un pé níhìn-ín, èmi ni mò ń fá tèmi fúnra mi, mo sì máa ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i kí ó lè pupa. Mi ò jowú o. Kí ni màá jowú ọkùnrin tí kò ní ewúrẹ́ sí?

Ó ku ọ̀rọ̀ fóònù tí o rà fún mi. O ní báǹkì wà nínú rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èèyàn gidi kì í ki báǹkì bọ àpò ṣòkòtò kó máa fi da ẹran kiri, nítorí náà mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí àlìkámà, mo fi àgádágodo tì í. O máa ń bínú pé mi kì í gbé ìpè rẹ. Ralitsa, báwo ni màá ṣe gbọ́ ẹni tó ń pè mí láti abẹ́ àlìkámà? Lẹ́yìn náà, báǹkì yìí ní àtàǹpàkò mi ọ̀tún nìkan ni òun mọ̀, òun lo fi hàn án nígbà tí o wá kí wa lọ́dún tuntun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń gé ẹ̀ka àjàrà, ọ̀bẹ bọ́ sí àtàǹpàkò náà gan-an, Ìyá Gena fi aṣọ dì í, láti ọjọ́ náà báǹkì ní òun kò rí mi rí. Mo fi ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn án, ó kọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ hàn án, nítorí ara kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ó kọ̀. Mo gbé e dé iwájú fọ́tò ìyá rẹ kí ó bá mi jẹ́rìí, ó ní kí n tún gbìyànjú. Mo dá a padà sábẹ́ àlìkámà, kí ó lọ ronú.

Ó dáa, èyí tí mo torí rẹ̀ mú ìwé ló kàn yìí.

O rántí pé o fi ìwé kan sínú lẹ́tà rẹ, irú èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé àwọn arúgbó yẹn kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn. Fọ́tò rẹ tóbi nínú rẹ̀, o rẹ́rìn-ín músẹ́, orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà tiwọn, ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹ̀ lé e, wọ́n fa ìlà kékeré kan, ọjọ́ tí o parí sì wà ní òdì kejì ìlà náà. Inú mi dùn sí i. Mo gbé e yí ilé po, mò ń wá ẹni tí màá fi hàn. Ìyá Gena kò ríran dáadáa, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Mo wá rò ó pé ìyá rẹ gan-an ni inú rẹ̀ ìbá dùn jù. O sì mọ̀ pé oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́ta tó ti fi wá sílẹ̀. Mo ti lọ tẹ ìwé ìrántí òkú rẹ̀ tuntun ní ìlú, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà ní ibùdó bọ́ọ̀sì, láàárín fọ́tò àwọn òkú wa yòókù. Pátákó yẹn nìkan ni ibi tí èrò ti ń pọ̀ sí i ní Gorna Sliva báyìí. Mo sọ fún ara mi pé, màá lẹ ti Ralitsa sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kí ó lè kà á. Ó ti pẹ́ tí kò gbọ́ ìròyìn.

Mo po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná, mo jáde pẹ̀lú ewúrẹ́ ní kùtùkùtù, kò sí ẹ̀dá kankan lójú ọ̀nà. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwé ìyá rẹ ní ìlà dúdú yíká, tìrẹ funfun lásán, ẹ wá dà bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Èédú kan wà nílẹ̀ níbi tí àwọn awakọ̀ máa ń yá iná, mo mú un, mo fi fa ìlà yí fọ́tò rẹ ká, ó nípọn dáadáa. Ẹ wá bára mu, ìyá àti ọmọ. Mo kí ẹ̀yin méjèèjì, mo da ewúrẹ́ mi lọ. Mo fi Ọlọ́run búra, ọmọ mi, kò sí ohun mìíràn tó wá sí mi lọ́kàn.

Mo padà dé lọ́sàn-án, mo jẹ ẹ̀wà tó kù nínú ìkòkò, mo na ara mi sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ṣẹ́rì níbí, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo la ojú, àgbàlá kún fọ́fọ́. Àwọn obìnrin da aṣọ dúdú borí. Àlùfáà Zhivko dúró níwájú pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Ìyá Gena gbé àwo àlìkámà sísè dání, èyí tí wọ́n máa ń wọ́n ṣúgà sí lórí nítorí òkú. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo sọ nínú ara mi pé, Minko, o ti kú. Kí n má parọ́ fún ọ, kò dùn mí, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó ti ń fún un lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Mo tún rọra pa ojú mi dé kí n má baà da ètò wọn rú. Bí eṣinṣin kan ṣe bà lé mi nímú nìyẹn, mo sì sín.

Stoyanka oníṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó ní áà, ẹ wò ó, kò tíì mọ̀. Mo ní kí ni mi ò mọ̀? Stoyanka wo Ìyá Gena, Ìyá Gena wo Àlùfáà, Àlùfáà wo àbẹ́là rẹ̀. Ìyá Gena ní Minko, jókòó. Mo ní mo kúkú jókòó. Ó ní kí n jókòó dáadáa. Ó ní ṣé mo ti jẹun? Mo ní mo ti jẹ ẹ̀wà. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbọ́ lórí òfìfo ikùn. Mo dìde, mo lọ wo ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó wà níbẹ̀, ó ń jẹ okùn tí mo fi so ó. Mo padà wá bá wọn, mo ní ewúrẹ́ mi wà láàyè, ẹ ṣeun, ẹ máa lọ sílé. Stoyanka tún figbe ta, ó ní ẹ ò rí i, ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú.

Àlùfáà Zhivko wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní Bàbá Ralitsa, ẹ mú ọkàn le, ọmọ tó fi ilé sílẹ̀ lọ tọ́jú àwọn arúgbó ilẹ̀ òkèèrè, ibi tó dára ni Ọlọ́run máa fi í sí.

Ralitsa, mi ò ké. Mo mọ̀ pé wàá rò pé mo ké. Mo kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi, mo ń wo ìda àbẹ́là tó kán sórí ẹ̀wù mi, mo ń ronú pé ìda yìí kò ní ṣeé fọ̀. Ta ló sọ ọ́, mo ní. Wọ́n ní ó wà lára pátákó. Wàá bèèrè pé kí ló dé tí mi ò rántí ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò mọ̀. Orí tí wọ́n bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí, kò sí àyè nínú rẹ̀ mọ́ fún nǹkan mìíràn.

Mo wọlé, mo ṣí àpótí, mo wa àlìkámà dà sílẹ̀, mo mú fóònù jáde kí n lè pè ọ́. Ó ní kí n fi ìka hàn. Mo fi eyín já aṣọ kúrò lára àtàǹpàkò mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ yí i lójú, ó ní òun kò mọ̀ mí. Mo sọ fún un pé èmi ni bàbá rẹ. Ó ní kí n tún gbìyànjú.

Ìyá Gena gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní wá, ká jọ lọ wò ó. Òun mú mi lápá kan, Stoyanka mú mi lápá kejì, gbogbo àwọn yòókù tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Ọ̀nà àtilé wa dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, sìgá kan kì í jó tán lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọ̀nà kò tán. Mi ò ronú nípa màlúù tí mo tà, mi ò ronú nípa irun tí ò ń fá fún ẹlòmíràn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń rò: pé ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì kú kí n tó dáhùn.

A dé ibẹ̀. Mo rí ìyá rẹ. Mo rí ọ. Mo rí èédú mi.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, Stoyanka sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ó tán, ó ti ya wèrè. Nígbà tí mo rí èémí, mo ṣàlàyé fún wọn. Ìyá Gena ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun sọ ọ́ àbí òun kò sọ ọ́? Ó ní òun sọ pé inú yìnyín ni wọ́n bí Ralitsa, pé òun gan-an lòun gbé omi gbígbóná wọlé, kí ni oṣù kẹsàn-án tí wọ́n kà fún òun wá ṣe níbi ọjọ́ ìbí lórí ìwé rẹ̀? Ó ní Stoyanka ló ní ìwé òkè òkun ni, wọ́n máa ń ṣi ọjọ́ kọ. Stoyanka ní kí ẹnikẹ́ni má dá òun lẹ́bi o, bàbá wo ló ń fi èédú yí ọmọ tó wà láàyè ká? Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún kí ẹ tó ka ìwé ńkọ́? Ó ní ìwé wo ni òun fẹ́ kà, ṣé òun náà lọ kọ́ búrẹ́dì ni èyí ní Valencia ni? Àlùfáà Zhivko fẹ́ àbẹ́là rẹ̀ pa, ó ní òun ti fi ẹran sílẹ̀ lórí iná wá síbí.

Àlìkámà ti jinná, a kò lè dà á nù. Àlùfáà tún àdúrà gbà lé e lórí, ti ìlera ni lọ́tẹ̀ yìí, a padà sí àgbàlá wa, a jẹ ẹ́. Mo gbé ìgò ọtí rákíà jáde. Àwọn kan ti mu ife àkọ́kọ́ láìfi ife kan ife, bí a ti ń ṣe nílé òkú, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un mu, kí gbogbo ife kan ara wọn kí wọ́n gbọ́ ọ dé Valencia. Ó ti pẹ́ tí àgbàlá wa kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Kí o sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sunkún, Stoyanka ti dárí gbogbo súìtì tí o jí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kékeré jì ọ́, Ìyá Gena sì ti ní òun kábàámọ̀ pé òun nà ọ́ nítorí àjàrà òun. Nígbà tí rákíà dé ìsàlẹ̀ ìgò, Stoyanka ní òun ti gba ìdáríjì òun padà. Ìyá Gena ní ní tòun, ẹgba yẹn gan-an ló sọ ọ́ di èèyàn.

Ó wá ku ìwé tó wà lára pátákó. Lọ́jọ́ kejì mo lọ láti ya á kúrò. Àwọn obìnrin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù pariwo lé mi lórí bí ẹni pé ilé ọlọ́ṣà ni mo ti jáde. Ìwọ náà mọ bí ó ṣe rí níbí: ìwé tó bá ti dé ara pátákó yẹn, ọwọ́ èèyàn kì í ya á, òjò àti afẹ́fẹ́ ló ń mú un lọ. Mo ní ọmọ tó wà láàyè mà ni. Ìyá Gena ní ìyẹn gan-an ló burú, ẹni tó bá fa alààyè jáde láàárín àwọn òkú, àyè tó ṣófo yẹn á máa wá ẹni tó máa kún un. Wọ́n ní kí Àlùfáà wá ya á. Àlùfáà ní òun ní ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n rò ó, wọ́n tún un rò, wọ́n fi ẹnu kò pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè yọ ọ́ tí kò ní sí ewu, ìyẹn ẹni tó ni ojú tó wà níbẹ̀. Òun ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

Wàyí o, ìdáhùn rẹ rè é.

Dúró. Dúró ní ọdún kan sí i, kí o parí ohun tí o bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé Valencia jìnnà. Láti ìgbà tí mo ti rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibùdó bọ́ọ̀sì bí bàbá ọmọ tó kú, kò jìnnà mọ́, ó wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Tí mo bá sì ní kí o máa bọ̀, ta ló máa sọ fún Bàbá Vicente lójoojúmọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́? Mo ti rò ó dáadáa. Ọkùnrin yẹn ń gbọ́ nípa ewúrẹ́ mi lójoojúmọ́ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní gbogbo Gorna Sliva yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Bá mi fá irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Kí o sì jẹ́ kó máa rẹ́ ọ jẹ.

Àmọ́ kí ọdún tuntun iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, wá sílé kí o wá yọ ara rẹ kúrò láàárín àwọn òkú. Kò ní pẹ́ rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Tí o bá ti débí, o lè jókòó díẹ̀. Ṣẹ́rì á ti tán, àmọ́ ata á ti pọ́n, a máa yan án. Àtàǹpàkò mi náà á ti jinná nígbà yẹn, wàá tún fi èmi àti báǹkì mọ ara wa.

Owó díẹ̀ ni mo tún fẹ́ tọrọ. Àwọn obìnrin ní kí n san owó ṣúgà, owó àsálà, owó àlìkámà àti owó àbẹ́là tí wọ́n ná lórí òkú rẹ. Mo ní ẹni tó kú ni kó san án. Má fi í ránṣẹ́ sí báǹkì, báǹkì kò mọ̀ mí, mú un dání nígbà tí o bá ń bọ̀, kí o sì ra súìtì sí i fún Stoyanka, bóyá ó máa tún dárí jì ọ́.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún mi, kí Ó dá mi sí dè ọ́. Kí àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú súre fún ọ ní èdè tí Ọlọ́run gbọ́, kódà tí ìwọ kò bá tíì gbọ́ ọ tán. Kí ẹnu rẹ là, kí ọ̀nà rẹ là, kí ọjọ́ ikú rẹ jìnnà sí ọjọ́ tí mo fa èédú yẹn bí ìlà oòrùn ṣe jìnnà sí ìwọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Láti ìgbà tí fọ́tò rẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ dára díẹ̀, tàbí kó jẹ́ awò ojú mi ló dọ̀tí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Minko.

Ohun kan tún kù. Ojú ọ̀run ṣú lánàá, ó sì dà bí ẹni pé òjò ńlá ń bọ̀. Mo gbé àkàbà lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì, mo fi náílọ̀n bo ìwé rẹ lórí, mo sì fi ìṣó kàn án yíká. Òjò kò lè débẹ̀ mọ́. Ó ku ìwọ nìkan.